Bí a ṣe ń fi ewé dá igi mọ̀ ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bí ẹ bá já ewé mángòrò kan, ewé orógbó kan àti ewé kòkó kan, tí ẹ tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, gbogbo wọn ló gùn, gbogbo wọn ló ní ṣóńṣó lórí, kò sì sí èyí tí etí rẹ̀ ní eyín. Ẹni tó bá ń wo bí ewé ṣe rí nìkan yóò ṣì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ẹ̀ka wọn dání, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ewé orógbó ń jáde ní méjì-méjì, ọ̀kan kọjú sí èkejì. Ti mángòrò ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ta sánsán bí ẹ bá fọwọ́ rún un. Ti kòkó wú ní ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó tún wú ní òkè rẹ̀, bí oríkèé ìka. Ìdí nìyí tí a fi fi bí ewé ṣe rí sí ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Bí ewé ṣe so mọ́ ẹ̀ka ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ohun èlò kò pọ̀: rúlà 30 cm, ọ̀bẹ kékeré tó mú, ìwé àkọsílẹ̀, pẹ́ńsù, ike omi kan láti fi fọ ọwọ́, àti ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ẹ ó fi wé ẹ̀ka. Pẹ́ńsù sàn ju bíró lọ, torí omi ń pa yíǹkì rẹ́. Bí ẹ bá rí gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, ẹ rà á. Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n irun ẹ̀yìn ewé àti òróró inú ewé ọsàn ń hàn kedere nínú rẹ̀.

Àwọn orúkọ tí a ó máa lò nìyí. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ewé mọ́ ẹ̀ka ni ọrùn ewé. Kọ̀rọ̀ tó wà láàárín ọrùn ewé àti ẹ̀ka ni abíyá ewé. Ohun kékeré ṣóńṣó tó ń dúró sí abíyá yìí, tí yóò di ẹ̀ka tuntun tàbí òdòdó lọ́jọ́ iwájú, ni èèhù. Àwọn okùn tó la ewé kọjá ni iṣan. Etí ewé, ìdí ewé àti ẹ̀yìn ewé kò nílò àlàyé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gé ẹ̀ka tó yẹ

Ẹ má fi ewé tó wà nílẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Atẹ́gùn lè ti gbé e wá láti ara igi mìíràn. Bó bá sì jẹ́ irú ewé tó pín sí wẹ́wẹ́, ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn wẹ́wẹ́ náà ni yóò wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ ó rò pé odindi ewé ni.

Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó 30 cm, tí ewé rẹ̀ kò dín ní mẹ́rin, tí orí rẹ̀ kò sì tíì kán. Apá ibi tí oòrùn ti ń pa igi náà ni kí ẹ ti gé e. Ewé tó wà lábẹ́ òjìji máa ń fẹ̀, ó sì máa ń fẹ́lẹ́ ju èyí tó wà nínú oòrùn lọ, bí ẹ bá sì wọn àwọn méjèèjì, ẹ lè rò pé igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ yẹra fún ìhù ara kùkùté. Tíìkì tí wọ́n gé máa ń yọ ìhù tí ewé rẹ̀ tóbi ju ti igi tó ti dàgbà lọ púpọ̀. Òpẹpẹ kékeré náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrókò ló ń tan èèyàn jẹ jù: nígbà tó wà ní kékeré, etí ewé rẹ̀ rí bí eyín ayùn, irun sì wà lára rẹ̀ tó fi ń ha ọwọ́, nígbà tó bá dàgbà, eyín náà kò sí mọ́, ewé á sì dán. Ẹni tó bá ti kọ́ ìrókò lára igi ńlá nìkan yóò fa ọmọ ìrókò tu lóko rẹ̀ láìmọ̀, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà ìroko. Ó dùn wá, torí igi tó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé ni wọ́n fà sọnù bẹ́ẹ̀.

Kòkó náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè àti Ilé-Olújìí sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Lára ìhù tó ń lọ sókè gbọnrangandan, ewé ń yí ẹ̀ka po, ọrùn wọn sì gùn. Lára ẹ̀ka tó tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ewé wà ní ìlà méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ọrùn wọn sì kúrú. Igi kan náà ni.

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò: àfòmọ́. Ó pọ̀ lórí kòkó, lórí obì àti lórí ọsàn ní gbogbo agbègbè yìí. Bí ẹ bá na ọwọ́ sókè tí ẹ gé ẹ̀ka àfòmọ́ tó ń gbé lórí kòkó, gbogbo ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ di irọ́. Ẹ tẹ̀lé ẹ̀ka náà padà sẹ́yìn títí dé ibi tó ti jáde. Bí ẹ bá bá ìwúlé kókó kan níbẹ̀, tí èèpo ẹ̀ka kò sì jọ èèpo igi tó gbé e, àfòmọ́ ni. Ewé rẹ̀ máa ń nípọn, ó máa ń jáde ní méjì-méjì tàbí kó súnmọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ti kòkó kì í ṣe méjì-méjì rárá. Bákan náà ni ọ̀dán tó hù sórí ọ̀pẹ, tó fi gbòǹgbò dì í mú: ẹ máa wo ibi tí ẹ̀ka ti wá, kí ẹ tó wo ewé.

Ẹ ṣọ́ra fún ìtàkùn pẹ̀lú. Wèrèpè máa ń gun igi, irun èso rẹ̀ sì ń yúnni bí iná. Ẹ wo òkè dáadáa kí ẹ tó fa ẹ̀ka.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ibi tí ewé ti bẹ̀rẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń fò, bí wọ́n bá sì ti fò ó, gbogbo ìyókù ti wọ́. Ewé kan ti bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí èèhù wà ní abíyá rẹ̀. Ohunkóhun tó jọ ewé ṣùgbọ́n tí kò ní èèhù ní abíyá, ọmọ ewé ni, kì í ṣe ewé.

Ẹ mú ẹ̀ka dóńgóyárò. Ohun pẹlẹbẹ kékeré tí etí rẹ̀ ní eyín, ẹ wo abíyá rẹ̀: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ tẹ̀lé igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo wọn tò sí títí ẹ ó fi dé ara ẹ̀ka gan-an. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí èèhù. Nítorí náà, gbogbo nǹkan tó tò sí igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, bí wọ́n tilẹ̀ tó ogún, ewé kan ṣoṣo ni.

Bí ẹ bá ti mọ èyí, ewé gbogbo igi á pín sí ọ̀wọ́ mẹ́rin lójú yín.

Àkọ́kọ́ ni ewé ẹyọ kan: ìrókò, kòkó, obì, orógbó, mángòrò, kajú, agbálùmọ̀, gúáfà, afárá, tíìkì. Arère, ìbẹ́pẹ àti lapálapá wà nínú ọ̀wọ́ yìí náà. Ewé wọn là wọlé bí ọwọ́ tí a na ìka rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà náà kò dé ọrùn, ewé kan náà ló ṣì jẹ́.

Ìkejì ni ewé oníka, tí ọmọ ewé rẹ̀ yapa pátápátá, tí gbogbo wọn sì jáde láti ojú kan ní orí ọrùn: àràbà, pọ̀npọ̀lá, oṣè. Rọ́bà wà níbí pẹ̀lú ọmọ ewé mẹ́ta péré.

Ìkẹta ni ewé oníyẹ̀ẹ́, tí ọmọ ewé tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ìyẹ́ adìẹ: dóńgóyárò, ọ̀gànwó, ìyeyè, akòko, òrúrù, orin àta. Nínú ọ̀wọ́ yìí, ẹ yẹ orí ewé wò. Ṣé ọmọ ewé kan dá dúró ní ṣóńṣó rẹ̀? Ọ̀gànwó kò ní. Méjì-méjì ló ń tò títí dé òpin. Ìyeyè àti akòko ní. Dóńgóyárò kò ṣe é gbára lé ní ti èyí, torí òmíràn ní, òmíràn kò ní, kódà lórí igi kan náà.

Ìkẹrin ni ìyẹ́ lórí ìyẹ́, níbi tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti àárín tún ti yọ ẹ̀ka tí ọmọ ewé wà lára wọn: ayùnrẹ́, igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, àti ọbọ̀. Mòríńgà tún pín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà mẹ́ta ló ń pín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: báwo ni wọ́n ṣe tò sí ẹ̀ka?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Wọ́n lè máa jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí sì ni ọ̀pọ̀ igi ń ṣe. Wọ́n lè máa jáde ní méjì-méjì, ní ìkọjúsíra. Wọ́n sì lè yí ẹ̀ka ká ní mẹ́ta sókè ní ojú kan náà, bí ọmọdé tó ṣe agbo.

Àwọn tó ń jáde ní méjì-méjì kò pọ̀ lágbègbè wa, ó sì yẹ kí ẹ há wọn sórí: tíìkì, mèláínà (gmelina, igi tí wọ́n ń gbìn nítorí pépà), òpẹpẹ, orógbó, gúáfà, akòko, òrúrù. Bí ẹ bá bá ewé méjì-méjì lára igi ńlá kan, ẹ ti yọ ìrókò, arère, afárá, ọ̀gànwó, àràbà àti obì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìbéèrè mìíràn tó ń dín iṣẹ́ kù tó báyìí.

Òpẹpẹ tilẹ̀ fi àmì kan kún un tí kò ní jẹ́ kí ẹ ṣì í. Láàárín ọrùn ewé méjì tó kọjú síra, ohun pẹlẹbẹ kan tó dà bí ewé kékeré máa ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ó bo èèhù mọ́lẹ̀. Bí ó bá ti bọ́, ẹ ó rí ojú àpá rẹ̀.

Ahùn ni olórí àwọn tó ń yí ẹ̀ka ká. Márùn-ún sí mẹ́jọ ni ewé rẹ̀ ní ojú kan, orí wọn rí róbótó, iṣan wọn pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbọnrangandan ni wọ́n ti iṣan àárín jáde. Asòfẹ́yẹjẹ náà ń yí ká, mẹ́ta sí márùn-ún, ṣùgbọ́n igi kékeré ni, ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ní ṣóńṣó. Àwọn méjèèjì ló ní oje funfun, nítorí náà oje kò lè là wọ́n.

Ibi tí àṣìṣe wọ́pọ̀ sí jù ni afárá, idígbò àti fúrúùtù. Ewé wọn kóra jọ sí orí ẹ̀ka débi pé ẹ ó rò pé agbo ni wọ́n ṣe bíi ti ahùn. Ẹ ká ewé náà kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ojú àpá tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí àpá náà bá ń gun òkè bí àtẹ̀gùn tó yípo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde. Bí gbogbo àpá bá wà ní ìlà kan ṣoṣo yí ẹ̀ka ká, agbo ni.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oje àti òórùn

Ẹ já ewé kan ní ìdí ọrùn rẹ̀, kí ẹ ka ení dé mẹ́wàá. Oje funfun bíi wàrà ń jáde lára ìrókò, àfọ̀n, agbálùmọ̀, ahùn, rọ́bà, àti gbogbo ìdílé ọ̀dán, ọpọ̀tọ́ àti eépín. Kò sí irú rẹ̀ lára kòkó, obì, arère, afárá tàbí tíìkì.

Ìdánwò yìí máa ń kùnà ní ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí omi ara igi ti lọ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá rí oje, ẹ má tíì kọ “kò sí oje”. Ẹ padà wá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì dán an wò lára ẹ̀ka tó ṣì tutù. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì fi ọwọ́ náà kan ojú. Oje orò lè ba ojú jẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo oje ni ẹ mọ orísun rẹ̀.

Ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka rún ewé kan, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Mángòrò àti kajú ní òórùn tó sún mọ́ ti tapẹntáìnì. Gbogbo èèyàn ló mọ ti ọsàn. Gúáfà ní tirẹ̀, orin àta sì ń ta sánsán. Bí ẹ bá gbé ewé ọsàn sókè kọjú sí oòrùn, ẹ ó rí àwọn tó-tò-tó kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá. Òróró ló wà níbẹ̀. Ewé ọsàn tún ní oríkèé níbi tí ewé ti pàdé ọrùn, ọrùn náà sì máa ń ní ìyẹ́ pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ̀ lára òmíràn, ó sì tín-ín-rín lára òmíràn.

Tíìkì ní ìdánwò tirẹ̀: ẹ fi omi rin àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fi rún ewé rẹ̀ tó ṣì kéré. Ọwọ́ yín á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ má fi ẹnu tọ́ ewé kankan wò. Àwọn kan máa ń sọ pé kíkorò ni àwọn fi ń dá igi mọ̀, ṣùgbọ́n ọbọ̀ wà nínú igbó wa, májèlé sì ni èèpo rẹ̀ tí àwọn àtijọ́ ń fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn mu. Imú tó, ẹnu kò sí nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọwọ́, ẹ̀yìn ewé àti iṣan

Ẹ fi ìka fọwọ́ ra òkè ewé, kí ẹ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Eépín le bíi sàǹdípépà, òun náà ni àwọn àgbà fi ń fọ igbá àti ìkòkò. Tíìkì le díẹ̀ lókè. Ewé akòko nípọn, ó sì ń dán.

Ẹ yí ewé padà. Ẹ̀yìn ewé agbálùmọ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní ọsàn àgbálùmọ̀, funfun bíi fàdákà, iṣan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì jìnnà síra wọn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, igi náà á máa tàn láti òkèèrè, ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò tún nílò àti súnmọ́ ọn. Ẹ̀yìn ewé idígbò ní irun aláwọ̀ ìpẹtà, pàápàá lórí iṣan.

Iṣan ìyeyè yẹ fún àfiyèsí. Lára ọ̀pọ̀ ewé, iṣan ẹ̀gbẹ́ á tín-ín títí á fi pòórá kó tó dé etí. Lára ọmọ ewé ìyeyè, gbogbo wọn ń lọ bọ́ sínú iṣan kan tó ń bá etí ewé rìn. Ìdí ọmọ ewé náà kò dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì. Ọmọ ewé dóńgóyárò náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdí, ó sì tẹ̀ bí dòjé, ṣùgbọ́n etí tirẹ̀ ní eyín ayùn. Ti ọ̀gànwó kò ní eyín rárá.

Ní ti eyín, ẹ má jẹ́ kí kòkòrò tàn yín. Ewé tí kòkòrò jẹ létí lè dà bí èyí tó ní eyín. Ẹ wo ewé márùn-ún: eyín tòótọ́ wà lára gbogbo wọn, ó sì tò ní déédéé.

Igi òro, èyí tí a ń fi kóró inú èso rẹ̀ se ọbẹ̀ àpọ̀n, kò ní òórùn, kò ní oje funfun, ewé rẹ̀ sì jọ ti igi mìíràn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ wo orí ẹ̀ka rẹ̀. Èèhù tó wà níbẹ̀ wà nínú àpò ṣóńṣó gígùn kan bí ẹnu ìkọ̀wé. Bí àpò náà bá bọ́, á fi àpá sílẹ̀ yí ẹ̀ka ká bí òrùka. Àwọn ọ̀dán náà ní àpá òrùka yìí, ṣùgbọ́n oje funfun wà lára tiwọn. Bí òrùka bá wà tí oje kò sì sí, òro ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ní báyìí, ẹ lè wo bí ewé ṣe rí. Ẹ wọn gígùn àti fífẹ̀ ewé mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ kọ ibi tó ti fẹ̀ jù: àárín ni, apá ìdí ni, àbí apá orí. Kajú àti fúrúùtù fẹ̀ jù lápá orí, mèláínà fẹ̀ jù lápá ìdí, mángòrò sì fẹ̀ jù láàárín.

Àwọn tó jọra jù

Akòko àti òrúrù. Méjèèjì jẹ́ oníyẹ̀ẹ́, méjèèjì sì ń jáde ní méjì-méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akòko máa ń ṣe agbo mẹ́ta tàbí mẹ́rin nígbà mìíràn. Etí ni kí ẹ wò: ti akòko ní eyín, ti òrúrù kò ní. Akòko ni ewé oyè, tí wọ́n ń fi sí orí ẹni tí ọba fi joyè. Òrúrù kò ṣe é fi rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá rán lọ já ewé gbọ́dọ̀ fi ìka ra etí rẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá yọ òdòdó, ti òrúrù pupa fòò, ti akòko jọ àwọ̀ àlùkò.

Àràbà àti pọ̀npọ̀lá. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀gún lára nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ọmọ ewé márùn-ún sí mẹ́sàn-án sì wọ́pọ̀ lára wọn. Ọmọ ewé àràbà tín-ín-rín, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju 4 cm lọ. Ti pọ̀npọ̀lá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn tó 7 cm, wọ́n sì máa ń fẹ̀ sí i lápá òkè. Ẹnìkẹta tó máa ń bá wọn dàpọ̀ ni erìnmàdò: ẹ wo ìdí ọrùn ewé rẹ̀, ohun pẹlẹbẹ kan bí ewé kékeré tí etí rẹ̀ ní eyín wà níbẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ lára àwọn méjì yòókù.

Afárá àti idígbò. Ẹ mú ọrùn ewé. Ti afárá gùn, kókó kékeré méjì sì wà lára rẹ̀ nítòsí ibi tí ewé ti bẹ̀rẹ̀. Ti idígbò kúrú, ẹ̀yìn ewé sì ní irun ìpẹtà tí a ti sọ. Bí èso bá wà nílẹ̀, ó parí ẹjọ́: èso méjèèjì ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n ti afárá fẹ̀ ju bó ṣe gùn lọ, ti idígbò gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ.

Tíìkì àti mèláínà. Mèláínà ni igi tí wọ́n gbìn rẹpẹtẹ sí igbó ọba tó ń jẹ́ Olúwa, ní ìhà Ọ̀rẹ̀, nítorí pépà. Ewé rẹ̀ rí bí ọkàn, ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí àrán, kókó kéékèèké sì wà ní ìdí ewé níbi tó ti pàdé ọrùn. Tíìkì kò ní kókó náà, ewé rẹ̀ tóbi jù ú lọ, ó sì ń fi àwọ̀ pupa sílẹ̀ lọ́wọ́.

Obì gbànja àti obì àbàtà. Kò sí ẹni tí kì í ṣì wọ́n láìsí èso. Ọrùn ewé àwọn méjèèjì gùn kúrú síra lórí ẹ̀ka kan náà, nítorí náà ẹ má wọn ọrùn. Ewé àbàtà máa ń tín-ín-rín jù, ṣóńṣó rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ tàbí kó lọ́. Ti gbànja fẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ kúrú, ó sì tọ́. Bí ẹ bá lè rí èso, ẹ ya obì náà: gbànja máa ń là sí méjì, àbàtà sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí dáni lójú ju ewé lọ.

Ayùnrẹ́ àti ọbọ̀. Ẹ fara balẹ̀ síbí, torí májèlé wà nínú ọ̀kan. Lára ayùnrẹ́, ọmọ ewé kọjú síra ní méjì-méjì. Lára ọbọ̀, ọmọ ewé ń gba ara wọn lọ́nà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì ní ìwájú díẹ̀. Ẹ ka ìlà mẹ́ta lórí ewé méjì kí ẹ tó gbà pé ó dá yín lójú.

Nígbà ọyẹ́

Láàárín oṣù kejìlá sí ìkejì, arère, afárá, ìrókò, àràbà àti pọ̀npọ̀lá lè wọ́ ewé tán. Pọ̀npọ̀lá á kàn gbé òdòdó pupa dání láìsí ewé kan. Nítorí náà, ẹ kọ́ àwọn igi yìí láti oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, kí ẹ sì fi ọ̀dà sàmì sí èyí tí ẹ ti dá mọ̀ dájú. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ padà sídìí rẹ̀, kí ẹ kọ́ èèpo rẹ̀ àti gbòǹgbò rẹ̀. Fúrúùtù tirẹ̀, tó wà ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Àkúrẹ́, ewé rẹ̀ á pọ́n kó tó wọ́. Àwọ̀ yẹn nìkan ti tó.

Fọ́tò àti ẹ̀ka tí a tẹ̀ gbẹ

Fọ́tò ewé kan ṣoṣo kò wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí, torí kò fi èèhù hàn, kò sì fi bí ewé ṣe tò hàn. Mẹ́rin ni kí ẹ yà: odindi ẹ̀ka pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ewé, abíyá ewé láti ìtòsí, àti èèpo igi ní ìwọ̀n àyà yín.

Láti tẹ ẹ̀ka gbẹ, ẹ tẹ́ ẹ sínú ìwé ìròyìn tí ẹ ṣẹ́ po, kí ẹ yí ewé kan ó kéré tán padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn. Bí ewé bá gùn ju ìwé lọ, ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka náà bíi lẹ́tà V, ẹ má gé e dànù. Ẹ fi páálí sí òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e. Ẹ pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀ nígbà òjò, ewé á bu láàárín ọjọ́ mẹ́ta, á sì dúdú. Ẹ má sá a sí oòrùn gangan, á ká jọ.

Àwọ̀, òórùn àti oje kì í sí mọ́ lẹ́yìn tó bá gbẹ. Ọjọ́ tí ẹ gé e ni kí ẹ kọ wọ́n, pẹ̀lú déètì, ibi tí igi wà, gíga rẹ̀ níwọ̀nba, àti orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ẹ kọ orúkọ ìbílẹ̀ náà bí ẹ ṣe gbọ́ ọ gan-an, ẹ má tún un ṣe. Ohun tí wọ́n ń pè ní ahùn níbì kan, awùn ni níbòmíràn.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó kí ẹ tó gé ohunkóhun nínú igbó ọba, kí ẹ sì bi àwọn àgbà léèrè kí ẹ tó wọ igbó tí aṣọ funfun tàbí màrìwò bá so mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí igi kan bá ṣì ń dà yín láàmú, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan wà ní FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, tó ń kọ́ni nípa igbó àti pákó, ibi ìpamọ́ ewé gbígbẹ ti Forest Herbarium sì wà ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn. Ẹ̀ka méjì láti ara igi kan náà ni kí ẹ mú lọ: ọ̀kan tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ yín, èkejì tí ẹ ó mú padà wálé pẹ̀lú orúkọ lára rẹ̀.